Tìmùtìmù Pupa Tí Mo Rí Nínú Iná

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ìyá Dèbórà kì í ṣe ẹni tó ń ríran lójoojúmọ́. Bí mo bá sùn, oorun ni mo ń sùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, tí àwọn yòókù ti lọ ṣínu nílé, mo ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀ lórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Àmín tí mo ṣe kẹ́yìn kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí oorun fi gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan ló dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Dìde, obìnrin yìí. Wọ́n ní kí n mú ọ rìn. Ohun tí o bá rí, lọ sọ ọ́." Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ti ń lọ, èmi náà bá tẹ̀ lé e.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi, òórùn irun tó ń jó. Àwọn òpùrọ́ ló wà níbẹ̀. Ahọ́n wọn gùn débi pé ó ń wọ́ lórí ẹyin iná, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń sá kiri. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ké pé iná ń jó òun, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ara mi le, kò séwu." Òtítọ́ kò ṣeé sọ fún wọn mọ́. Níwájú wọn ni àwọn alágbèrè wà, wọ́n dì wọ́n mọ́ra ní méjì-méjì, àyà sí àyà, wọ́n ń gé ara wọn jẹ, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú àwọn sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ebi pa ọmọ ọ̀dọ̀ jókòó yí ìkòkò kan ká. Ebi ti mú wọn jẹ ìka ara wọn dé ọrùn ọwọ́, ohùn kan sì ń sọ fún wọn ṣáá pé, "Ẹ dúró, ẹ̀yin lẹ máa jẹ kẹ́yìn."

Mi ò ní purọ́ fún yín, àánú wọn kò ṣe mí. Inú mi dùn. Mo ní, "Ó tọ́ sí wọn!" Amọ̀nà mi yíjú sí mi, ó ní, "Má tíì yọ̀. A ò tíì dé ibi tí wọ́n torí rẹ̀ rán mi sí ọ."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ orin. Orin tiwa ni o, ẹ̀yin ará! Mo rò pé ọ̀run la dé. A yà sí igun kan, mo bá rí wọn, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, gbogbo wọn lórí ìkúnlẹ̀, lórí òkúta tó pọ́n yòò, awọ orúnkún wọn ti jó, ẹran ti jó, egungun ló ń rú èéfín, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké pé, "Olúwa, fọ̀nà hàn wá! Olúwa, kí ni kí a ṣe?", ilẹ̀kùn kan sì wà níwájú wọn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbayawu ni mo wí, atẹ́gùn tútù ń gba ibẹ̀ wọlé, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó lajú wò ó.

Mo pariwo, "Ẹ dìde! Ilẹ̀kùn rèé!" Wọn ò gbọ́. Mo bi amọ̀nà mi pé kí ni àdúrà ṣe tó fi di ẹ̀ṣẹ̀.

Ó ní, "Àdúrà kò ṣẹ̀. A ti dá àwọn wọ̀nyí lóhùn kí wọ́n tó kúnlẹ̀. Ìdáhùn náà ni wọ́n ń fi àdúrà bò mọ́lẹ̀. Ojú tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dì láyé, kò ṣeé là mọ́ níbí."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí Ọlọ́run bá ní ká ṣe ohun tó nira nínú ìjọ yìí, kí la máa ń wí? "Ẹ jẹ́ ká fi í sínú àdúrà." A ò ní sọ pé a ò ṣe. A ó fi í sínú àdúrà, ó parí nìyẹn.

Láàárín wọn, àyè kan ṣófo. Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù pupa kan síbẹ̀. Mo wò ó, mo dá a mọ̀, nítorí ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán an. Mo ní, "Ta ni wọ́n ń dúró dè?" Ó ní, "Ìwọ lo rán an, o tún ń bi mí?"

Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Bàbá Díákónì ni, tí wọ́n jókòó níwájú yìí. Láti ìgbà tí àbúrò wọn ti kú ni wọ́n ti ti yàrá rẹ̀ pa, tí Àjọkẹ́, opó rẹ̀, àtàwọn ọmọ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ká fi í sínú àdúrà. Òjò ti ń pa àwọn ọmọ yẹn látìgbà náà. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ikọ́ èyí tó kéré jù.

Mo bú sẹ́kún. Amọ̀nà mi fà mí gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá, àṣé ọ̀run ló wà lódìkejì rẹ̀! Ìyá Rúùtù tó kú lọ́dún tó kọjá ni mo rí, ó nasẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ẹ rántí bá a ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín pé àdúrà rẹ̀ kì í ju "Mo ti gbọ́, Olúwa" lọ, á sì dìde. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ṣépè fún un, Ìyá Rúùtù fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ títí ìyá ọkọ náà fi kú.

Ìyá Rúùtù ní, "Ìyá Dèbórà, ariwo yín kì í jẹ́ ká sinmi níbí."

Mo ní, "Ìyá, níbo lẹ ti rí ọgbọ́n yìí?"

Ó ní, "Ọgbọ́n wo? Ẹ̀rù Ọlọ́run ló ń bà mí. Ohun tó bá ní kí n ṣe láàárọ̀, n kì í jẹ́ kó di alẹ́. Ìgbà tí mo bá ṣe tòní tán ni mo máa ń mọ tọ̀la."

Bí mo ṣe jí nìyẹn, orúnkún mi ń ta mí. A kì í dójú ti àgbà ní gbangba, nítorí náà ilé Bàbá Díákónì ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Òógùn bò wọ́n. Wọ́n fi fìlà nu ojú, wọ́n ní, "Ìyá, ìran yìí lágbára o. Ẹ jẹ́ ká fi í sínú àdúrà."

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí nìyẹn, inú sì ń bí mi. Ẹni tí Ọlọ́run ti bá sọ̀rọ̀ nínú yín, kó dìde kó lọ ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Díákónì, kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà nínú àpò yín. Àjọkẹ́ ti di ẹrù rẹ̀, òun àtàwọn ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bàbá, kí lẹ tún ń nawọ́ sí tìmùtìmù fún?