Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Jáde Pàdé Bàbá Mi

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú Olúwa, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi. Ohun tí bàbá mi fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè Bọ́lá, mi ò rò pé etí ọmọ kan tún lè gbọ́ irú rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ọmọ tí ìtàn rẹ̀ jọ tèmi nínú Ìwé Mímọ́, ẹ wá orúkọ rẹ̀ títí, ẹ kò ní rí i. Ọmọbìnrin Jẹ́fta nìkan ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe ń pe èmi. Kí ni mo ṣe? Mo jáde lọ pàdé bàbá mi ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Bẹ́yẹrunkà ni agboolé wa. Bàbá mi kò lọ sílé ìwé; nínú ìjọ Aládùúrà ló ti fi Bíbélì kọ́ ìwé kíkà, òun náà ló sì kọ́ mi. Á gbá ìka mi mú, á gbé e lé orí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi mọ Ábúráhámù àti Dáfídì bí ẹni tó mọ ará ilé rẹ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ kọ́ mi ní ìwà. Bí bàbá bá ti òde dé, ọmọ gidi kì í jókòó tẹtẹrẹ sínú ilé. Á sáré jáde, á kúnlẹ̀, á gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo agboolé á bèèrè pé ta ló wò ó dàgbà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìbátan bàbá mi kan pè é lẹ́jọ́ sí kóòtù ní Mápó, ó ní òun ló ni oko kòkó tí bàbá mi ti ń dá láti kékeré. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí bàbá mi fi gbẹ bí panla. Nígbà tí ìdájọ́ ku ọ̀la, ó dìde nínú ìsìn níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ́rìí, ó ní bí Olúwa bá fún òun ní ìṣẹ́gun, ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ ti ẹnu ọ̀nà òun jáde wá pàdé òun, ti Olúwa ni. Ìjọ hó yèè! Èmi àti ìyá mi wà ní ìsọ̀ wa ní Ọjà'ba, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. A ní òbúkọ dúdú kan tí kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ló máa ń fún un ní èèpo iṣu, bó bá sì ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, á ti fò jáde. Òbúkọ yìí ni bàbá mi fọkàn ṣírò. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìdájọ́, òbúkọ lọ jẹ ẹ̀lùbọ́ tí aládùúgbò wa sá sóòrùn, ìyá mi bá fi ìbínú so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ wo ohun tó pa mí! Ẹ̀lùbọ́ aládùúgbò!

Mo wà ní pálọ̀, mò ń fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kọ́ orin ẹgbẹ́ akọrin, nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn tí wọ́n ń kọrin ìṣẹ́gun bọ̀ láti Mápó. Mo sáré jáde pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, mo ń jó, mo ń pariwo, "Bàbá, ẹ káàbọ̀! Ẹ kú oríire!" Mo kúnlẹ̀ láti gba agbòòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fún mi. Ó wò mí bí ẹni tó rí òkú. Ó di ọrùn agbádá rẹ̀ mú, ó sì fà á ya.

Ẹ̀yin tó mọ Ìwé Àwọn Onídàájọ́, ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé bí Jẹ́fta ṣe fa aṣọ rẹ̀ ya nígbà tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tán, tó sì jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde wá pàdé rẹ̀? Kí ó tó la ẹnu ni mo ti mọ ibi tí a wà nínú Bíbélì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìnkùlé, òbúkọ ń ké.

Ìyá mi jáde. "Olówó orí mi, kí ló dé? Ẹjọ́ yí padà ni?"

"Mo jàre. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́, mo sì ti la ẹnu mi sí Olúwa."

Nígbà tó rò ó tán, ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀jẹ́ lẹ pè é o, ẹ̀jẹ̀ ni mo gbọ́! Òbúkọ lẹ fẹ́ fún Ọlọ́run, òun ló ń ké lẹ́yìnkùlé yẹn. Ẹ lọ tú u!"

"Ọlọ́run kì í ṣe ọmọdé tí a ń tàn."

"Èmi náà kì í ṣe adìẹ tí wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ lọ!"

Wòlíì wa dá sí i, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ níbẹ̀. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni n óò máa gbé, n óò máa wọ aṣọ funfun, n óò máa gbálẹ̀ ilé Olúwa, n kò sì ní mọ ọkùnrin títí ayé mi. Àkànní, aránṣọ kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ló sì ti ń fẹ́ mi nígbà náà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá tọrọ mi, ìparí ẹjọ́ ni a ń dúró dè fún ìdána. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó rẹ́rìn-ín tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ní, "Ìbá ṣe ọmọ Ìbàdàn kan ló gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, à bá jọ fà á. Ọlọ́run wá ni, ta ni mo fẹ́ bá jà?"

Mo gbà pẹ̀lú omijé, ṣùgbọ́n mo gbà. Ṣé ọmọ Jẹ́fta náà kò gbà? Mo rò pé ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ọdún ń gorí ọdún, mò ń gbálẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ di Bàbá Ìjọ. Àga onítìmùtìmù ni wọ́n gbé fún un níwájú, bó bá sì ti wọlé, ìjọ á dìde: "Jẹ́fta wa dé o!"

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ilẹ̀ yà mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo máa ń ka Bíbélì fún ìjọ, a sì ń ka Léfítíkù ní orí dé orí. Ẹ mọ̀ pé Bíbélì wa kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó jẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, bákan náà ni wọ́n rí lójú ìwé. Léfítíkù sì kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹran, bí Olúwa ṣe kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Nígbà tí mo dé orí tó kẹ́yìn, ahọ́n mi ti mọ́ra, mo kà á pé ẹni tó bá jẹ ẹ̀jẹ̀. Gbólóhùn náà kò délẹ̀. Mo padà, mo tún un kà. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́! Bí èèyàn bá fi ẹnìkan jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Olúwa, kí àlùfáà díye lé ẹni náà, kí wọ́n san án. Ọkùnrin ní iye tirẹ̀, obìnrin ní tirẹ̀. Bí ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ bá sì tòṣì, kí àlùfáà wo agbára rẹ̀.

Yéè! Mo fi ìka tẹ ibẹ̀, mi ò kà síwájú mọ́. Ẹnu ara mi ni mo fi ń ka ìtúsílẹ̀ mi! Wòlíì ní, "Máa kà á lọ, arábìnrin." Mo wo bàbá mi lórí àga rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bí ìsìn ṣe parí, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi fò. "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí mo kà? Ẹ lè rà mí padà! Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́!"

Kò gbé ojú sókè. "Mo mọ ibẹ̀."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Kí n tó mú ọ wá síbí ni mo ti kà á." Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ẹ̀jẹ́ mi. Bí mo bá fowó rà ọ́, kí ni wọn yóò máa pè mí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ̀! Ọwọ́ tó fi ìka mi lé orí ọ̀rọ̀ nígbà èwe, òun náà ló fi bo ibẹ̀ mọ́ mi lójú.

Mo kó aṣọ mi, mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn Jẹ́fta bí ẹni tí kò kà á rí, mo sì rí i pé nígbà tí ọkùnrin náà jẹ́ ẹ̀jẹ́, Ọlọ́run kò dá a lóhùn. Jẹ́fta ló sọ ọ́, òun náà ló gbà á. Nígbà tí Ábúráhámù gbé ọ̀bẹ, Ọlọ́run ké sí i pé kó dúró, ó sì pèsè àgbò. Àwa tí a ń pe Jésù ní Olùràpadà, ṣé a tilẹ̀ ń gbọ́ ohun tí à ń pè é? Ẹni tó ra èèyàn padà ni! Òun fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ san tiwa. Bàbá mi sì ń fi ọmọ san ti orúkọ.

Àkànní kò tíì gbéyàwó. Ó ní gbogbo aṣọ ìyàwó tí òun ń rán fún ọmọ ẹlòmíràn, ìwọ̀n mi ni ọwọ́ òun ń gé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdána wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni yóò dúró gẹ́gẹ́ bíi bàbá, nítorí bàbá mi ní òun kò sí níbẹ̀, pé ohun Olúwa ni wọ́n fẹ́ jí gbé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ṣé ọmọ lè wọlé ọkọ láìsí àdúrà bàbá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ, ẹ ṣọ́ ẹnu yín nínú ìjọ. Ohun tí Ọlọ́run kò tọrọ, ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣèlérí rẹ̀.

Ní tèmi, bí wọ́n bá ti dána tán, n óò lọ sí ẹnu ọ̀nà bàbá mi, n óò dúró níta, n óò kí i. Mi ò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan. Mo kàn ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ jáde wá pàdé mi.