Ìpè Aago Mẹ́ta àti Ife Elétí Méjì

[Fóònù dún. Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àti afẹ́fẹ́.]

MURDO: Ishbel! Báwo ni? Òkun ò le jù?

ISHBEL: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Kékeré. Ó ń gbé wa sókè sódò. Ẹ ti jókòó?

MURDO: Gbogbo ẹgbẹ́ rédíò ti pé sí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹran àgùntàn ti jinná. A ti nu quaich, ife elétí méjì tí bàbá ẹ gbẹ́. Wisikí nìkan ló kù ká bù sí i fún Farquhar—

ISHBEL: Kò ní mu ún.

MURDO: Kí lo wí? Ṣé o gbọ́ mi?

ISHBEL: Mo ní kò ní fẹnu kan ife Dádì!

MURDO: Háà! Òun ló borí nínú ìdíje ká pe èèyàn lórí rédíò. Ìwọ náà ni mo ní kó o yẹ ìwé tó kọ gbogbo ìpè ẹ̀ sí wò.

ISHBEL: Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ wo ni ìdíje yẹn?

MURDO: Sátidé.

ISHBEL: Sátidé wo?

MURDO: [ó wúkọ́] Èyí tá a sin bàbá ẹ.

ISHBEL: Ta lẹ kọ káàdì sí pé kó wá di okùn kejì mú, tá a bá ń sọ pósí kalẹ̀?

MURDO: Farquhar. Àmọ́ ara ẹ̀ ò—

ISHBEL: Irọ́! Ó ní òtútù dá òun dùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún! Òṣìṣẹ́ asìnkú ló bá wa di okùn ẹ̀ mú. Òun jókòó sílé, ó ń pe gbogbo ayé lórí rédíò nítorí ife!

MURDO: Please, ó ti darúgbó. Ṣé o gbọ́ mi?

ISHBEL: Ẹ wo ìlà aago mẹ́ta. Orúkọ ìpè rédíò ta ló wà níbẹ̀?

MURDO: Mi ò mú awò ojú—

ISHBEL: Ti Dádì! Ó kọ ọ́ pé òun pè é, ó sì dáhùn. Aago mẹ́ta, ìgbà tí à ń da iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí!

MURDO: Yéè! Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i. Ọdọọdún lòun àti bàbá ẹ máa ń pera wọn láago mẹ́ta nínú ìdíje. Bóyá ọwọ́ ẹ̀ ló ti mọ́ ọn—

ISHBEL: Ẹ má gbèjà ẹ̀! Ogójì ẹ̀dà ìwé yẹn ló wà nínú báàgì mi. Tó bá ti fọwọ́ méjèèjì gbé ife, màá kà á sókè. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ wò.

MURDO: Ishbel, ó dúró tì mí, ó ń gbọ́— Farquhar, fi í sílẹ̀—

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.]

FARQUHAR: Ọmọ mi.

ISHBEL: Ẹ má pè mí lọ́mọ!

FARQUHAR: Mi ò lè wò ó kó wọlẹ̀. Aago mẹ́ta lù, mo pè é. Ìbànújẹ́—

ISHBEL: Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́! Ṣé ó dáhùn?

FARQUHAR: Ogójì ọdún ni mo fi ń pè é—

ISHBEL: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ó dáhùn?

FARQUHAR: Rárá.

ISHBEL: Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ pé ó dáhùn?

FARQUHAR: Ìpè kan ló kù... ìpè kan péré, kó pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹni tí ìpè ẹ̀ ò bá pé bẹ́ẹ̀ kì í gba ife.

[Àtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ń pariwo orúkọ Farquhar.]

ISHBEL: Wọ́n ń pè yín. Ẹ lọ gbà á. Ọkọ̀ wa ti ń gúnlẹ̀.

FARQUHAR: Ishbel, mo bẹ̀ ẹ́—

ISHBEL: Ẹ rọra mu ún o. Ẹ má tíì mu ún tán kí n tó—

[Ìlà já.]