Ògiri Ilé Balógun Kò Dédé Wó

Òjò kò rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ògiri náà wó. Kùrukùru díẹ̀ wà lórí òkè, oòrùn sì ti yọ kí a tó gbálẹ̀ tán. Ilẹ̀ gbẹ. Atẹ́gùn kò fẹ́. Kò sí ẹni tó lè ní òjò ló fà á, ni wọ́n bá ń wá ẹni tó fà á.

Èmi ni mo fà á. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ẹnì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ mi gan-an kò mọ̀ títí ó fi kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, ìwé mi kò pọ̀, mo sì ti dàgbà. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹlòmíràn ló ń ru ẹrù náà, ara rẹ̀ kò sì yá mọ́.

Ìlá ni wọ́n gbé mi níyàwó sí. Ilé tí mo bá níbẹ̀, bàbá ńlá àwọn ọkọ mi tó jẹ́ balógun ló kọ́ ọ nígbà ogun. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ewúrẹ́ lè nà gbalaja sí ìbú rẹ̀. Kò ní fèrèsé kankan tó kọjú síta, àfi ihò tóóró tí wọ́n ń gbà yọ ẹnu ìbọn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Wọ́n ní nígbà tí ogun dé, gbogbo obìnrin àdúgbò ló kó ọmọ wọn sá wọ ibẹ̀, ọ̀tá kò sì rí ẹnì kan mú. Mo gbà á gbọ́. Ilé náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún.

Ṣùgbọ́n nígbà tèmi, kò sí ogun mọ́. Ọ̀sán gangan ni mo ń tan àtùpà kí n tó rí iyọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí sínú òkùnkùn yẹn. Àkeekèé ta méjì nínú wọn. Ọkọ mi fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé sí agbo ilé, ẹbí kọ̀. Èèwọ̀ ni. Ọmọ ilé kankan kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé ilé náà láti wó o, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ òmíràn síbẹ̀, àfi tó bá fúnra rẹ̀ wó.

Èmi kì í ṣe ọmọ ilé. Ìyàwó ni mí. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Iṣẹ́ àwa ìyàwó ilé ni láti fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ògiri náà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni ìyálé nígbà náà, èmi ni mo ń pín iṣẹ́. Igun kan wà lẹ́yìn, nítòsí balùwẹ̀. Mo sọ fún àwọn ìyàwó kékeré pé mo ti rẹ́ ibẹ̀. N kò rẹ́ ẹ. Mo sì yí òkúta kan padà níbi tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde, kó lè máa ṣàn lọ sí ìdí ògiri. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é. Kò le. Mo kàn ń wẹ̀ ni.

Yàrá àbúrò ọkọ mi wà ní igun yẹn. Ó ti wà nílé kí n tó dé, n kò lè pe orúkọ rẹ̀, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Olùkọ́ ni. Ní ọdún kejì yẹn gan-an, ó lu fèrèsé kékeré kan sí ògiri yàrá rẹ̀ kó lè máa ríran ka ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ẹbí ṣì ń bínú sí i nítorí ẹ̀ nígbà tí ògiri wó. Ilé ìwé ló wà lọ́jọ́ náà. Ewúrẹ́ méjì ló kú sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe ìpàdé lé e lórí. Olórí ẹbí ní, "Tíṣà, ṣebí fèrèsé lò ń wá? Gbogbo ojú ọ̀run ti di tìrẹ wàyí. Máa wò ó." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ pé ihò yẹn á mú un wó." Òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun ló ṣe é. Mo wà níbẹ̀, mò ń bu omi fún àwọn àgbà. N kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kó jáde ní agbo ilé. Ó lọ sí Iresi, ìlú ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ilé kò ṣeé gbé mọ́, wọ́n mú katakata wá, ó wó ìyókù. A fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Yàrá mi ní fèrèsé méjì. Mo sùn dáadáa níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ilé balógun kò ju òkúta ẹnu ọ̀nà lọ, àti ìdí ògiri kan tí kò ga dé orúnkún. Àwọn ọmọ ń sá aṣọ sí i.

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ Akọ̀wé wá bẹ ẹbí. Wọ́n ní bàbá àwọn ń ṣàìsàn, ohun kan ṣoṣo tó ń bèèrè ni pé kí wọ́n sin òun sí agbo ilé bàbá òun. Ẹbí ní rárá, ẹni tó wó ilé kì í sùn nínú rẹ̀. Mo tún wà níbẹ̀. Mo tún dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Iresi. Akọ̀wé wà lórí ẹní. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ náà ti hun jọ báyìí." Mo ní, "Ẹ̀yin wá ń dán ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Kì í ṣe fèrèsé mi?"

Mo ní, "Kì í ṣe fèrèsé yín."

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Má sọ fún wọn o. Wọ́n á lé ọ jáde. Níbo lo máa wá lọ? Èmi ti mọ́ ọn lára." Mo fọ aṣọ rẹ̀ méjì, mo sá wọn, mo wá sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Tí mo bá sọ ọ́ lójú ẹbí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n máa fi í bú. Tí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á sin ín sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó ti ní kí n dákẹ́. Ṣé ìyẹn tó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má rò pé mò ń sunkún. Omi ojú kò wá. Ó kàn wà lára mi bí ẹsẹ̀ tó kú tipiri.

Ní ọjọ́ kejì tí mo ti Iresi dé, mo mú ọkọ́ lọ sí ibi tí yàrá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Mo ro koríko ibẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ẹnì kan lè sùn sí. Olórí ẹbí tó wà báyìí ń kọjá lọ, ọmọdé ni nígbà tí ògiri wó. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀?" Mo ní n kò fẹ́ gbin nǹkan kan. Ó dúró, ó ń retí ọ̀rọ̀ yòókù. Mo ń ro ó lọ.