Ọwọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọkọ mi wà láàyè, agboolé kan náà la jọ ń gbé nítòsí Ìyànà Ọ̀fà, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ọmọ mi rí. Bí ọmọ náà bá sáré lọ bá wọn, ńṣe ni wọ́n máa ń káwọ́ sẹ́yìn. Èmi ni mo sì fà á!

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìgbẹ̀bí abúlé wa. Nígbà tí ìwọ́ àwọn ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀, tí a sì sin àwọn kan nínú wọn, èmi ni ọ̀gá wa fi ìmọ́tótó ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Mo gbé báséènì omi Ísáàlì, oògùn apakòkòrò, sẹ́nu ọ̀nà: kò sí ẹni tí yóò wọlé láìfọwọ́, ẹni tí ó bá sì ní egbò lọ́wọ́, ìta ni yóò ti kí ọmọ. Àwọn ìyá àgbà bú mi títí. Èwo ló kàn mí? Ọmọ kò kú mọ́.

Àfi ìgbà tí èmi náà bímọ, tí mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ Aládùúrà, wọlé pẹ̀lú kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti omi àdúrà, orin lẹ́nu wọn, láti wẹ àkọ́bí ọmọ wọn. Mo rí àkísà tí wọ́n fi di àtàǹpàkò wọn, ó ti rin fún ọyún. Gbogbo àwọn obìnrin tí mo ti lé ìyá wọn sẹ́yìn ń wò mí. Mo pariwo pé, "Màámi, ẹ má fọwọ́ yẹn kan ọmọ mi!"

Orin dá. Wọ́n gbé omi wọn, wọ́n lọ.

Ọmọ mi yè, n kò sì ní purọ́, kò yẹ kí ọwọ́ yẹn kan ìwọ́ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ṣé ìyàwó ilé ló yẹ kó sọ ọ́ níṣojú ayé? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin jókòó síta níbẹ̀; kí ni ìbá ná mi láti rán wọn, kí wọ́n pe ìyá sí kọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni èmi yọ.

Mo ti rán àgbà sí wọn, mo ti kúnlẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, mo tún bí obìnrin. Ìyá ọkọ mi wá sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ nínú báséènì títí ìtìjú fi bá mi. Egbò ọjọ́sí ti jinná tipẹ́. Mo na ọmọ sí wọn. Wọ́n ní, "Rárá o, nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi lè má mọ́ tó." Nọ́ọ̀sì! Èmi tí wọ́n máa ń pè ní "ìyàwó mi àtàtà"!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ ti rí ayé jù mí lọ: báwo ni ènìyàn ṣe ń tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́?