Lẹ́tà Òjó tí Mo Kà Sódì

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ń pè ní Bàbá, ni mo pa, ẹnu tí mo fi ń kàwé fún un ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Ààyè, ìlú wa, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé wa, èmi ni akọ̀wé. Òjó, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kùmásì, lẹ́yìn odi. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé, èmi ni mò ń kà á, èmi náà ni mò ń kọ èsì.

Oko kòkó Bàbá tó wà létí odò wọ̀ mí lójú. Lọ́jọ́ kan Òjó kọ ọ́ pé, lẹ́yìn ìkórè, òun ń bọ̀ wálé pátápátá. Mo fo ìlà yẹn. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lanu. Nígbà tí lẹ́tà mìíràn dé, mo ní Òjó ti fẹ́yàwó níbẹ̀, kò bọ̀ mọ́.

Bàbá ní: "Kọ ọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Kò sí uṣẹ́ tó ju ti ulé lọ."

Mo kọ ọ́ pé kó má ṣe wá, pé inú ń bí Bàbá. Òjó kò kọ̀wé mọ́. Bàbá fi oko náà lé mi lọ́wọ́.

Kò pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dédé bá Bàbá pẹ̀lú síléètì lórí itan.

"Bàbá, ṣé ọ̀run lẹ fẹ́ lọ ṣe akọ̀wé ni?"

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Mi ò ní gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ o, Akọ̀wé."

Láti ọjọ́ náà, mi ò sinmi. Bó bá ń pe A-B-D, àfi bíi pé èmi ló ń bú. Bó bá wò mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó ti mọ̀. Mo tú yàrá rẹ̀ kí n lè dáná sun àwọn lẹ́tà Òjó. Mi ò rí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi nínú oko, ó mú bébà kan dání.

"Akọ̀wé, jókòó. Ka èyí níṣojú mi."

"Kí ni, Bàbá?"

"Kà á ná. Lónìí, bí o bá fo ọ̀rọ̀ kan, màá mọ̀."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Mi ò rí ẹ̀rín nígbà náà. Igi tí mo fi ń ká kòkó wà lọ́wọ́ mi. Mo là á mọ́ ọn lórí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo tú bébà náà. Kì í ṣe lẹ́tà Òjó. Ọwọ́ Bàbá ni, gàdàgbà gàdàgbà: "Òjó ọmọ mi. Èmi ni mo kọ eléyìí. Mi ò bínú. Máa bọ̀." Ó kàn fẹ́ kí n bá òun wò ó bóyá ó tọ́ ni.

Mo mú bébà náà lọ bá ọlọ́pàá ní Ìdó, mo sì jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé díẹ̀, bí àgbà bá ní kí ẹ ka ìwé fún òun, ojú yín ló yá lò. Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá sì fẹ́ kọ́ ìwé fúnra rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ kọ́ ọ. Ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ kì í bẹ̀rù ẹni tó ń kàwé.

Wọ́dà kan nínú ẹ̀wọ̀n níbí fún mi ní pẹ́ńsùlù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sílẹ̀ fún Òjó, títí dé "Máa bọ̀." Ibi tí ó kù kí n kọ ẹni tó pa á sí ni mo ti ń dáwọ́ dúró. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní lẹ́tà yẹn.