Ẹ̀rí Tí Mo Kánjú Jẹ́ Lórí Ọrùn Mi

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, ẹ̀yin ará! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, torí bí mo bá dúró pẹ́, ọrùn yìí á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ìdọ̀fin nígbà tí mò ń ti oko bọ̀. Dókítà ní egungun ọrùn mi ló tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Wọ́n fi kọ́là tó ń gbé ọrùn dúró sí mi lọ́rùn, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ ru ẹrù mọ́. Obìnrin ìlú Ọ̀sí tí kò gbọdọ̀ ru ẹrù! Kí ni kí n wá máa fi orí ṣe?

Ìrora ò jẹ́ kí n sinmi. Á ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí apá bí ẹni pé iná mànàmáná ń gbé mi. Mo fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, rárá. Òsì, rárá. Mo dìde, mo tún jókòó.

Nígbà ìkórè tó kọjá, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ara fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀mí mi ò gbà á mọ́! Mo bọ́ kọ́là sábẹ́ bẹ́ńṣì, mo gbé agbọ̀n iṣu karí, mo jó dé iwájú pẹpẹ, mo gba máìkì, mo ní mo ti sàn pátápátá. Gbogbo yín pariwo Halelúyà.

Kí n tó délé, ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú. Ṣíbí ò dúró níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ kọ́là padà lójú ẹni tó gbọ́ ẹ̀rí mi? Mo sá fún yín. Bí ẹ bá béèrè mi, àwọn ará ilé mi á ní mo lọ sí Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ inú yàrá ni mo wà, mò ń rìn lọ rìn bọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ náà ò ní jí mọ́.

Mo ní, “Olúwa, mo ti kánjú dúpẹ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣe é.” Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìjọ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní, “Ta ló ní kó o máa bá Ọlọ́run bo àṣírí? Wé gèlè rẹ, ó di ọsibítù!”

Láti ọjọ́ náà, àwọn dókítà ń bá mi na ọrùn ní ọsibítù, mò ń tẹ bọ́ọ̀lù kékeré lọ́wọ́ kí ọwọ́ náà lè jí, Ìyá Ìjọ ń gbàdúrà níta.

Ọrùn ṣì ń dùn mí. N ò ní kánjú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo búláòsì tí mo wọ̀ yìí, bọ́tìnì mẹ́fà. Látìgbà ìkórè, ọkọ mi ló ń bá mi de é. Láàárọ̀ yìí wọ́n nawọ́, mo ní kí wọ́n jókòó. Èmi ni mo de gbogbo ẹ̀, ará! Wọ́n ń wò mí, omi ń bọ́ lójú wọn. Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀, Ọlọ́run ló ṣe é!