Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Kuadio

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò lè sọ fún ìyàwó mi, tí n kò sì lè sọ fún lèmọ́mù wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Kuadio ọ̀rẹ́ mi ṣì máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Dougouba ní Bouaké. A ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, a ó sì máa sọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó mẹ́rin kan tó ń fi gìtá kọ orin rọ́ọ̀kì, tí a fẹ́ràn láti ìgbà èwe wa. Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n wá ṣeré ní Abidjan, á gbá mi léjìká, á ní, "Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀. Àwa méjèèjì la jọ pàdánù ẹ̀." Èmi á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín yẹn ń jẹ mí run.

Bouaké ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ọmọ Baoulé, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ni Kuadio. Èmi, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá tajà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Anago. Bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó lé ní ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú kásẹ́ẹ̀tì àwọn olórin yẹn bọ̀ láti Abidjan, a sì lù ú títí ohùn rẹ̀ fi ń wọ́. A ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ a mọ gbogbo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá mi á ní, "Ṣé ariwo yìí náà ni wọ́n ń pè lórin?"

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá sí Abidjan, bàbá mi rán mi lọ ra iṣu ní Bodokro. Kuadio lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó dé, ohùn rẹ̀ ti há, oṣù kan gbáko ló sì fi ń ròyìn. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan ta mí níkùn bí ìjàlọ. Ìgbà kejì bọ́ sí ọdún tí wọ́n gé agbára owó séfà wa sí méjì. Ta ló fẹ́ tún rédíò ṣe nígbà tí kò rí ìrẹsì rà? Iṣẹ́ ìjọba ni Kuadio ń ṣe, ó tún lọ. Ó mú ọ̀pá ìlù kan bọ̀, èyí tí onílù wọn jù sáàárín èrò. Ó ní kí n dì í mú kí n wò ó. Mo dì í mú, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé kí n ṣẹ́ ẹ.

Ìgbà kẹta, mo ti múra sílẹ̀. Àsìkò náà ni ọ̀rọ̀ pé ta ni ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé, ta ni àlejò, gba gbogbo ìlú kan. Èmi àti Kuadio jọ wọ mọ́tò. Lójú ọ̀nà, àwọn oníyùnífọ́ọ̀mù dá wa dúró. Ọ̀kan yẹ káàdì àlejò mi wò, ó ní, "Anago, sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, Bouaké ni wọ́n bí mi sí."

"Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀."

Kuadio yọjú láti fèrèsé, ó ní, "Wọn ò ní pẹ́ fi ẹ́ sílẹ̀. Màá dúró dè ẹ́ ní Abidjan." Mọ́tò gbéra, ó gbé e lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo jókòó sí títí oòrùn fi ń wọ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí n padà sílé. Lọ́jọ́ kẹta tí Kuadio dé, ó ròyìn eré náà tán pátá kó tó bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, báwo lo ṣe délé?" Ọjọ́ yẹn ni owú mi di májèlé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, a gbọ́ pé àwọn olórin náà tún ń bọ̀. Tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù mi ni gbogbo àdúgbò ń lò nígbà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan pè láti ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Bouaké. Ó ní Kuadio ti gbégbá orókè nínú ìdíje wọn lórí àwọn olórin náà, kí ó wá bá wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́tò àwọn ni yóò gbé e lọ sí Abidjan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní, "Màá jẹ́ ẹ fún un, màdáàmù."

Kuadio yà lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́. "Anago, ṣé ẹnì kankan pè mí?"

Mo ní, "Rárá." Ìwé náà wà nínú àpò mi, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀.

Ó tún béèrè lọ́jọ́ kejì, mo tún ní rárá. Nígbà tí obìnrin náà pè padà, mo ní Kuadio ti lọ sin òkú ní Diabo. Lọ́jọ́ eré, ṣọ́ọ̀bù mi ni Kuadio jókòó sí tó ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ń fi apá aṣọ nu ojú. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé òun náà ti mọ bí abẹ́ igi máńgòrò ṣe ń rí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, obìnrin kan gbé rédíò rẹ̀ wá fún àtúnṣe. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé òun ni obìnrin tó pè mí. Iṣẹ́ fẹ́ gbé e lọ sí Abidjan, ó sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Nígbà tó mọ̀ pé èmi ni Anago, ó ní, "Àánú yín ṣe mí. Èèyàn méjì lẹ̀bùn yẹn wà fún. Orúkọ yín ni ọ̀rẹ́ yín kọ ṣìkejì tirẹ̀. Ó bi wá pé ṣé wọn ò ní í gba káàdì yín wò lójú ọ̀nà, a ní ẹnikẹ́ni kì í yẹ èrò inú mọ́tò wa wò. Ó ní bí Anago òun ò bá lè lọ, òun náà ò lọ." Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mo tún rédíò obìnrin náà ṣe, n kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí akọrin wọn kú, tí ẹgbẹ́ náà sì tú ká.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, irun ti funfun lórí wa. N bá ti gbé àṣírí yìí lọ sí sàréè, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kuadio ṣàdédé pa ẹ̀rọ, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan tó ń dun òun látọdúnmọ́dún. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ní kí o sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò yẹn, ó yẹ kí n bá ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ṣe é. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́, àbí kò yẹ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, kò sì ní ọ̀rẹ́ mìíràn láyé. Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ara mi ni mò ń tú sílẹ̀ àbí òun ni mò ń pa? Bí n kò bá sì sọ ọ́, ojú wo ni mo fi ń wò ó? Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá sí i. Nítorí ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni pé, "Mo ti foríjì ẹ́, Kuadio." Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.